Ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá kọ ọjọ́ ìbí ẹ̀ ṣì

Nígbà tí fọ́ọ̀mù JAMB ń lọ lọ́wọ́, ìyá kan mú ọmọ ẹ̀ obìnrin wá sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Àkúrẹ́ níbí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ náà ti fi NIN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún un, ránṣẹ́ látorí fóònù, kóòdù ti wọlé, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, àfi ìgbà tá a débi ọjọ́ ìbí tá a rí i pé 1 January 2011 ló wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn ní, "Àǹtí, èmi kọ́ nìyẹn o, oṣù March ni wọ́n bí mi." Ìyá ẹ̀ ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan. Ó ṣí báàgì, ó yọ ọ̀rá kan tó ti ká pọ̀ lọ́nà mẹ́rin, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tú owó àjọ, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà nínú ẹ̀, ó ti pupa rúsúrúsú, omi ti kàn án létí kan, àmọ́ báírò búlúù tí nọ́ọ̀sì fi kọ ọjọ́ ìbí síbẹ̀ ṣì hàn ketekete: 7/3/2009.

Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjì tí wọ́n yọ kúrò nínú ọjọ́ orí ọmọ yìí. Lójú JAMB, ọmọ ọdún 15 ni, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ní ọmọ ọdún 16 ló kéré jù tó lè wọ yunifásítì. Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gbóná lọ́dún 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà yẹn, Tahir Mamman, ní 18 lòun fẹ́, àwọn òbí pariwo, ìgbà tí Tunji Alausa gba ipò ẹ̀ ló wá sọ ọ́ di 16. Ọmọ tó yẹ kó ti kọjá ibẹ̀ wá dẹni tí wọ́n ń kà mọ́ àwọn ọmọ tó ń kánjú.

Mo bi wọ́n báwo ló ṣe jẹ́. Ìyá yẹn ní lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe NIN fún ọmọ náà lọ́dún 2021, òun wà lọ́jà Ọba, ọjà ni òun ń tà, òun ní kí àbúrò òun bá òun mú un lọ. Ọmọ tí ò tíì pé 16, NIN òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọ́n máa ń so tiẹ̀ mọ́, ti àbúrò ìyá yìí ni wọ́n wá so ó mọ́. Wọ́n bi àbúrò náà ní ọjọ́ ìbí ọmọ, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ á ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yọ mẹ́wàá kúrò nínú 2021, ó fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i, ó pe ẹni tó kàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

1 January yẹn, ẹ máa fura sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri tó jẹ́ pé wọn ò bí wọn lọ́jọ́ yẹn rárá. Ibi tí wọn ò bá ti mọ ọjọ́, òun ni wọ́n máa ń kọ.

Ọ̀rọ̀ tèmi náà wà níbẹ̀, torí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ní ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì kan tó jẹ́ pé ojú ewé ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa ń kọ orúkọ àwa ọmọ ẹ̀ sí, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tí wọ́n bí wa. Tèmi jẹ́ 12 October 1988, ọjọ́rú, ìdájí. Nígbà tá a fẹ́ ṣèdánwò àṣekágbá ní sẹ́kọ́ńdírì, mo kọ 12/10/88 sórí fọ́ọ̀mù, ẹni tó bá ilé ìwé tẹ orúkọ wa kà á sí oṣù kejìlá ọjọ́ kẹwàá, ló bá tẹ 10 December. Oṣù méjì péré, ta ló fẹ́ pariwo lórí ìyẹn? Mo rí i lórí sàtífíkéètì, mo rẹ́rìn-ín, mo tọ́jú ẹ̀ síbi kan. Ìgbà tí mo ṣí àkáǹtì ní báńkì, ìwé ìsàmì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo mú lọ, October ló wà níbẹ̀, òun ló sì bá mi wọ BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì. Ìgbà tí mo lọ ṣe NIN, sàtífíkéètì ni mo mú lọ, December nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé mo ti sọ ara mi di èèyàn méjì. Ọdún tí báńkì ní ká so NIN mọ́ àkáǹtì, wọ́n gbé tèmi sápá kan, owó tí mo fẹ́ fi san ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, mò ń wò ó lórí fóònù, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kò sí àṣìṣe kékeré nínú ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé èèyàn kan náà ni yín.

Àmọ́ ìṣòro yìí ti pẹ́ nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àwọn tó bí wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ìwé ìbí kankan, ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ọmọ. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Wọ́n á ní ọdún tí ọ̀sán di òru ni wọ́n bí bàbá kan, ìyẹn ìgbà tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ ní 20 May 1947. Wọ́n á ní ọdún tí wọ́n ka èèyàn, 1963 nìyẹn. Wọ́n á ní ìgbà ogun Biafra, láàárín 1967 sí 1970, tàbí ìgbà tí mọ́tò kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún ní April 1972, tàbí ìgbà tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní January 1973. Ní tiwa níbí, "wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mo bí i" wọ́pọ̀ gan-an, 3 February 1976 sì ni wọ́n dá a. Àwọn kan á ní oyún ọmọ wà nínú àwọn nígbà wàhálà ìbò gómìnà láàárín Ajáṣin àti Ọmọ́boríowó, August 1983 nìyẹn, táwọn èèyàn ń sá kiri Àkúrẹ́. Èmi ò fojú kéré ìṣirò yẹn o. Ìyá tó sọ pé òun gbé ẹ pọ̀n sá lọ́jọ́ báyìí báyìí, ó ṣeé gbára lé ju ìwé míì lọ. Ohun tí ò sí níbẹ̀ ni ọjọ́ àti oṣù gangan, fọ́ọ̀mù ò sì ní gbà kéèyàn kọ "ìgbà ìjà" sínú ẹ̀.

Ibi tó tún ti bàjẹ́ síwájú ni ilé ìwé. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ gbà, ìwé ìbí ò sì sí, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀? Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá láàárín orí kó fi kan etí òsì. Tó bá kàn án, ó ti pé, tí ò bá kàn án, kó padà sílé lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Kódà àwa tá a bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lẹ́yìn 1990 ṣì bá a. Mo rántí bí wọ́n ṣe tò wá síwájú ọ́fíìsì hẹ́dìmásítà, ọmọ kan tó wà níwájú mi ń tẹ orí ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìka ẹ̀ lè kan etí, tíṣà ní kó gbórí sókè. Ọmọ tó bá ga á dọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tó ṣì wà ní mẹ́rin ààbọ̀, èyí tó bá kúrú á máa dúró. Ọdún tí hẹ́dìmásítà bá wá kọ sínú réjístà lọ́jọ́ yẹn, òun ló máa bá ọmọ dé ìwé mẹ́fà, á bá a dé WAEC, á bá a dé ibi iṣẹ́, á sì bá a dé pẹ́ńṣọ̀n.

Òfin wà o. Láti ọdún 1992 ni òfin kọkàndínláàádọ́rin, ìyẹn Act 69, ti sọ pé kí wọ́n forúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́, àjọ NPC ló sì ni iṣẹ́ yẹn, àwọn ló ń kà wá, àwọn ló ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni fọ́mọdé. Àmọ́ òbí mélòó ló lọ? Tí wọ́n bá ti gba káàdì abẹ́rẹ́ ní ọsibítù tán, wọ́n á rò pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ káàdì ọsibítù yàtọ̀ sí ìwé NPC, ti NPC ni ìjọba àpapọ̀ mọ̀.

Ohun tó wá jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ bú jáde báyìí ni NIN. Tẹ́lẹ̀, kóówá ló ní ìwé tiẹ̀. Ilé ìwé ní réjístà, báńkì ní fáìlì, ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù ní tiwọn, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, o lè jẹ́ ọmọ ọdún 30 níbí kó o jẹ́ 33 lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣòfin tó dá NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò ka NIN sí, àfi ìgbà tí ìjọba sọ ní December 2020 pé ẹni tí ò bá so ó mọ́ síìmù, wọ́n á ti síìmù ẹ̀ pa. Ẹ rántí bá a ṣe tò láti ààjìn, tí oòrùn ń pa wá, tí àwọn èèyàn ń ta nọ́ńbà ìlà fúnra wọn. Nínú ìkánjú yẹn lọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mò ń rí lónìí ti wọlé. JAMB gbà á lọ́dún 2021, kò sẹ́ni tó lè ra fọ́ọ̀mù láìní NIN mọ́, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó bá wà ní NIMC ni JAMB máa fà wá. Pásípọ́ọ̀tù náà ń bèèrè fún un. Báńkì ti ní BVN láti 2014, ìgbà tó di 2024 wọ́n ní gbogbo àkáǹtì gbọ́dọ̀ ní NIN àti BVN. Inú kànga kan náà ni gbogbo wọn ti ń pọnmi báyìí, tí ìdọ̀tí bá ti wà nínú ẹ̀, gbogbo ilé ló máa mu ún.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣàtúnṣe, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń dùn ún. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Tí JAMB bá ń dà á láàmú, á sáré lọ sí JAMB, tó bá jẹ́ báńkì, á lọ bá báńkì jà, nígbà tó jẹ́ pé NIN ni wọ́n ń wò. Ìwé NPC ni kó o kọ́kọ́ wá. Ẹni tó ṣì jẹ́ ọmọdé á gba sàtífíkéètì ìbí gan-an, ẹni tó ti dàgbà tí òbí ẹ̀ ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà á gba èyí tí wọ́n ń pè ní attestation. Ọ́fíìsì NPC wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ará Àkúrẹ́ ò ní láti lọ Abuja, ará Oǹdó ò ní láti wá Àkúrẹ́ kó tó lè bèèrè ọ̀rọ̀. Mú gbogbo ẹ̀rí tó o bá ní dání: káàdì abẹ́rẹ́, ìwé ìsàmì, ìwé ìwé mẹ́fà, ohunkóhun tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó o wà lọ́mọdé, torí pé ìwé tó ti gbó máa ń lágbára ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lánàá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìwé kóòtù, torí pé ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Èèyàn á lọ sí kóòtù, á búra lórí ọjọ́ orí ẹ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀ pupa sí i, inú ẹ̀ á dùn, á gbà pé ó ti ní ìwé ìbí. Ìbúra lèyí. Ohun tó sọ ni pé ìwọ tàbí bàbá ẹ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ sọ níwájú Ọlọ́run àti òfin pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n bí ẹ. Ó wúlò, wọ́n lè bèèrè fún un nígbà tó o bá ń lọ sí NPC, wọ́n sì lè bèèrè fún un níbòmíì láti fi ṣàlàyé pé ẹni tó ni ọjọ́ méjèèjì èèyàn kan ni. Àmọ́ tó o bá gbé òun nìkan lọ sí NIMC pé kí wọ́n fi yí ọjọ́ ìbí padà, wàá padà wá. Ti NPC ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó bá sì búra èké níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "gbogbo èèyàn ló ń ṣe é".

Tí ìwé NPC bá ti délẹ̀, NIN ló kàn. Owó ibẹ̀ ló ń dun àwọn èèyàn, ó sì ń dun èmi náà. ₦16,340 ló wà tẹ́lẹ̀, nígbà tó di May 2025 NIMC gbé e lọ sí ₦28,574. Ọjọ́ ìbí nìkan ni o, torí pé orúkọ tàbí àdírẹ́sì kò ju ₦2,000 lọ. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi gbé ti ọjọ́ ìbí sókè báyẹn, wọn ò fẹ́ káwọn èèyàn máa fi ọjọ́ orí ṣeré. Ó yé mi. Àmọ́ ẹ wo ìyá tó ń ta ata lọ́jà Ọba, tó jẹ́ pé ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló tẹ ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ ṣì, kí ló dé tó jẹ́ òun ló máa san án? Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 ni ₦70,000. Tó o bá yọ ₦28,574 kúrò níbẹ̀, ₦41,426 ló kù tí wọ́n máa fi jẹun, tí wọ́n máa fi wọkọ̀. Ó yẹ kí ọ̀nà wà téèyàn lè gbà fi hàn pé àṣìṣe yìí ò ti ọwọ́ òun wá, kí wọ́n sì tún un ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá lè gbé e débi tí wọ́n ti máa gbọ́, mo ṣì ń sọ ọ́.

Nǹkan mẹ́ta kan wà tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn lórí NIN yìí. Má lọ ṣe NIN tuntun. Àwọn kan rò pé àwọn lè ju ti àtijọ́ nù kí wọ́n fi ọjọ́ ìbí tó tọ́ ṣe òmíràn, ìka ọwọ́ ẹ ni wọ́n ń fi dá ẹ mọ̀, ìka ò ṣeé pààrọ̀, ìjọ̀gbọ̀n lo fi ń kún ìjọ̀gbọ̀n. NIN tó o ní tẹ́lẹ̀ náà lo máa lò lọ, ọjọ́ ìbí inú ẹ̀ nìkan ló máa yí padà. Ìkejì, má fi owó fún ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ pé òun mọ ènìyàn nínú ilé, tó ní kó o mú ₦50,000 wá òun á ṣe é lọ́jọ́ kan náà láìsí ìwé. Ó lè yí i padà lóòótọ́ lónìí kí wọ́n dá a padà lọ́la, tàbí kó gbé ìwé NPC ayédèrú sí i, orúkọ ẹ ló sì wà lórí ẹ̀. Ìkẹta, ka ohun tí wọ́n tẹ̀ kó o tó fọwọ́ sí i. Ní kí wọ́n yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ẹ. Bí o bá ń kọ ọjọ́ ìbí sórí fọ́ọ̀mù, kọ orúkọ oṣù gangan, "12 October", má kọ 12/10. Ká ní ẹnì kan sọ ìyẹn fún mi ní sẹ́kọ́ńdírì ni!

Lẹ́yìn NIN, kó o tó lọ sí báńkì fún BVN, rí i dájú pé ọjọ́ tó o fẹ́ lò dá ẹ lójú, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbà kéèyàn yí ọjọ́ ìbí padà lórí BVN. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn lẹ̀ẹ̀kan. Mo ti rí ẹni tó lo tiẹ̀ lórí ọjọ́ tí ò tọ́ nítorí pé ó ń wá kó bá NIN tí ò tíì tún ṣe mu, ìgbà tó wá tún NIN ṣe tán, BVN ò gbà mọ́. Ṣé ẹ rí ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé nǹkan wọ̀nyí ní èyí tó ṣáájú?

Ti ilé ìwé ló máa ń le jù, mo sì fẹ́ káwọn òbí tó lọ́mọ ní SS3 gbọ́ mi dáadáa. Kí orúkọ tó kúrò nílé ìwé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèdánwò, ilé ìwé máa ń tẹ ẹ́ jáde pé kí ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò kó fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ á sáré fọwọ́ sí i nítorí pé wọ́n fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, píńsípà á fi báírò fagi lé e, wọ́n á tún un tẹ̀, ó parí. Tó bá ti dórí sàtífíkéètì, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan míì. Tèmi, ilé ìwé ni mo kọ́kọ́ padà sí. Píńsípà tí mo bá níbẹ̀ ò mọ̀ mí rí, ó mú mi lọ sí yàrá kan tí wọ́n kó réjístà àtijọ́ sí, ikán ti jẹ ìdajì wọn, a jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú akọ̀wé wọn, à ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, eruku ń wọ̀ wá nímú. A rí ọdún tèmi. Ikán ti jẹ etí ìwé náà dé ibi tí nọ́ńbà wà, àmọ́ orúkọ mi wà, 12 Oct. 1988 sì wà níwájú ẹ̀, ọwọ́ tíṣà tó gbà mí wọlé ni. Mo sunkún níbẹ̀. Fọtokọ́pì ojú ewé yẹn àti lẹ́tà píńsípà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò sàtífíkéètì mi, òun ló sì pẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú réjístà. Ẹ gbé wọn kúrò nílẹ̀.

Fáwọn tó ti wà ní yunifásítì, ní FUTA, ní AAUA, ní UNIMED tàbí níbikíbi, ọjọ́ ìbí tí ẹ gbé wọlé láti JAMB ló máa bá yín dé NYSC. Ẹni tó bá ti kọjá 30 kó tó jáde, NYSC ò ní jẹ́ kó sìn, exemption ni wọ́n máa fún un. Tí wọ́n bá wá tẹ ọdún ìbí ẹ ṣì tó fi jẹ́ pé o ti di 31 lórí ìwé nígbà tó o jẹ́ 28, kí lo fẹ́ sọ fún wọn lẹ́nu géètì? Má dúró di ọdún tó o máa jáde. Ọdún àkọ́kọ́ ni kó o ti lọ bá wọn.

Àwọn kan wà tó máa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tó jẹ́ pé tiwọn yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ wọ ṣọ́jà, tí wọ́n ní ọmọ ọdún 18 sí 22 làwọn fẹ́ nínú àwọn tí ò kọ́ṣẹ́ ọwọ́, òun jẹ́ 25, ó ní kí n bá òun wá ọ̀nà. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó kù díẹ̀ kó pé 60, ó wá "rántí" lójijì pé àṣìṣe wà nínú ọjọ́ ìbí òun. Mi ò kì í ṣe é, mo máa ń sọ fún wọn tìfẹ́tìfẹ́ pé mi ò ní ṣe é. Níṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ ìbí tó o kọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ẹ́ síṣẹ́ ni wọ́n máa dì mú títí, 60 ọdún tàbí 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá ṣáájú, ni wàá fẹ̀yìn tì. Tíṣà ní tiwọn ti yàtọ̀ látìgbà tí Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun ní 2022, wọ́n gbé e dé 65 tàbí 40. Yíyí ìwé padà nígbà téèyàn ti sún mọ́ ibẹ̀, ayédèrú ni wọ́n máa kà á sí, ó lè gba iṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì lọ pa pọ̀. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé àwọn wọ̀nyí ló jẹ́ kí wọ́n máa wo ọmọ tí wọ́n kọ tiẹ̀ ṣì lóòótọ́ bí olè. Ìyá tó gbé káàdì abẹ́rẹ́ tó ti gbó dání, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wò ó.

Ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n lọ sí NPC ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn lọ́jọ́ kejì. Káàdì yẹn gbà wọ́n, wọ́n rí sàtífíkéètì ìbí gbà. Ìyá ẹ̀ gba àjọ ọ̀sẹ̀ yẹn, ó sì yá díẹ̀ kún un kí owó NIMC tó pé. Ìgbà tí NIN fi máa yí padà sí 7 March 2009, fọ́ọ̀mù JAMB ti pa dé. Ọmọ náà wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi sílíìpù tuntun hàn mí, ó ní òun á máa kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi kó tó di ọdún tó ń bọ̀. Ó wà níbí báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Tẹ́nì kan bá wá ṣe fọ́ọ̀mù, òun ló máa ń bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti yẹ ọjọ́ ìbí yín wò?"

Ìyá ẹ̀ padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú káàdì méjì míì dání nínú ọ̀rá kan náà, ti àwọn àbúrò ọmọ náà, ọ̀kan jẹ́ ọdún mẹ́fà, ọ̀kan jẹ́ mẹ́ta, ó ní kí n bá òun ṣe tiwọn, èló ni. Mo ní kó má fún mi lówó kankan, kó mú wọn lọ sí NPC, ọ̀fẹ́ ni.